Ó Jókòó Tì Mí

Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń gbé iná ní gbogbo ẹ̀yìn yàrá ìkàwé yẹn, ìdí ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ìfẹ́ ò ní ibi pàtó tó ń gbé, ibi tó bá ti ráyè ló ń tẹ́ ẹní sí.

Ọmọkùnrin náà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ti ki púlọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ti na ẹsẹ̀, ó ti di onílé. Àfi bí ọmọbìnrin kan ṣe wá dúró lé e lórí, tó gbé kọ̀ǹpútà kan tójú ẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́ dání.

"Jọ̀ọ́, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí tèmi kú."

"Tèmi ti kú ní tiẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí i dìde ni."

"Ṣé wòlíì ni ẹ́ ni?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó wo kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. "Èyí tó o gbé dání yìí, iná kọ́ ló yẹ kó o máa wá fún un. Ilẹ̀ ló yẹ kó o gbẹ́."

"Ojú ẹ̀ fọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń ríran. Àwọn kan wà tójú wọn ń dán bíi dígí, wọn ò sì rí i pé ihò méjì ni sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ní, wọ́n gbé báàgì dí ìkejì."

Ọmọkùnrin náà gbé báàgì ẹ̀ kúrò. Lóòótọ́, ihò kejì ń wò ó. Ojú tì í. Ó sún fún un, wọ́n jọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi ti yàrá ìkàwé. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ pé télọ̀ nìyá ọmọbìnrin náà. Ó ní, "Abájọ. Ojú ẹ kì í fo ihò. Abẹ́rẹ́ ni màá máa pè ẹ́."

"Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ni mí, ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ni òwú."

"O ti yára jù! Ṣé o mọ ibi tí mò ń lọ ni?"

"Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń tọ̀. Mi ò ní béèrè."

Báyìí làwọn méjèèjì ṣe di Abẹ́rẹ́ àti Òwú. Kò pẹ́ tí gbogbo kíláàsì fi gbàgbé orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n.

Kọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n jọ ń ṣe, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Olùkọ́ obìnrin tó ń kọ́ wọn ò fẹ́ ìdánwò orí ìwé. Ó ní àwọn ètò kọ̀ǹpútà kan wà láyé tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bíi kànga àdúgbò ni: ẹni tó bá fẹ́ pọn, kó pọn, ẹni tó bá rí i pé etí ẹ̀ ń ya, kó po amọ̀ wá kó fi dí i. Ohun tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, gbangba ló wà. Ẹni tó bá sì tún nǹkan ṣe níbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kò ní parẹ́ mọ́ láéláé.

"Ẹ lọ wá ọ̀kan nínú wọn," ni olùkọ́ wí, "kẹ́ ẹ tún ohun kan ṣe níbẹ̀. Bí àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ bá gbà á wọlé kí sáà yìí tó parí, ẹ yege nìyẹn. Bí wọn ò bá gbà á, òdo. Méjì-méjì lẹ máa ṣe é, àmọ́ orúkọ oníkálukú gbọ́dọ̀ hàn. Ẹ̀rọ ló máa ka orúkọ yín, kò sì mojú ẹnikẹ́ni."

Àwọn yòókù rí i bí eré. Abẹ́rẹ́ ò rí i bí eré. Ó ti já nínú kọ́ọ̀sì yìí lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tójú ìyá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, tó lọ jókòó tì í nílé ìwòsàn. Òfin ilé ìwé ni pé ẹni tó bá já nínú kọ́ọ̀sì kan lẹ́ẹ̀mejì, kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Bàbá ẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kì í gùn, ti fi tiẹ̀ lé e: "Bó o bá tún já, o ń bọ̀ wálé nìyẹn. Máṣíìnì ìyá ẹ wà níbẹ̀."

Ètò tí Abẹ́rẹ́ mú, kì í ṣe pé ó ṣàdédé mú un. Ètò kan ni tó máa ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fún afọ́jú. Ìyá ẹ̀ ń lò ó. Màmá télọ̀ yìí ti fọ́jú tán báyìí, àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ ò fọ́. Ó lè fi ìka mọ ojú téèpù, ó lè gé aṣọ kó tọ́ ju ti olójú lọ. Ohun tó dá a dúró ò ju ẹyọ kan lọ: ìwọ̀n àwọn oníbàárà ẹ̀ tí ọmọ ẹ̀ tẹ̀ sínú fóònù ní ìlà-ìlà, bí ètò yẹn bá ń kà á, á kọ́kọ́ ka "àyà, ìbàdí, èjìká, ọwọ́" tán, ẹ̀yìn ìyẹn ló máa wá da gbogbo nọ́ńbà délẹ̀ bí ẹni da òkúta. Màmá ò ní mọ èwo ni àyà, èwo ni ìbàdí. Ó ti fìgbà kan rán ṣòkòtò tó jẹ́ pé màlúù ló lè wọ̀ ọ́.

"Bó ṣe máa pe àyà, kó pe nọ́ńbà àyà tẹ̀lé e," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ohun tá a máa tún ṣe ò ju ìyẹn lọ."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni ìyá mi fi jókòó sílé láìríṣẹ́ ṣe."

Òwú ṣí kọ̀ǹpútà ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà Abẹ́rẹ́ dákẹ́ pátápátá. Wọ́n wá ń fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́, ti Òwú. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe é: Abẹ́rẹ́ á di ojú ẹ̀ pinpin, á máa fetí sí ohùn ètò yẹn bí ìyá ẹ̀ ṣe máa gbọ́ ọ. Bó bá gbọ́ ibi tó ti kọsẹ̀, á ní, "Dúró. Padà sẹ́yìn. Kò ka ìlà kejì, ó fò ó. Wo ibi tó ti ń to àwọn àkọlé jọ." Òwú á wò ó, á bá a níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ á pè é, Òwú á tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ń ronú, ọ̀kan ń tẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ ẹni tó ń ronú. Orúkọ ẹni tó ni ín ló ń kọ sí gbogbo ẹ̀.

"Orúkọ mi ńkọ́?" ni Abẹ́rẹ́ máa ń bi í.

"A máa fi sí i níparí. Àyè kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí pé èmi pẹ̀lú lágbájá. Fọkàn balẹ̀."

"Òwú, mi ò fẹ́ já o."

"Bó o bá já, kí ni kémi fi ìyókù ayé mi rán?"

Ẹni tó ń tọ́jú ètò náà, òkèèrè ló wà, wọn ò mọ̀ ọ́n rí. Oníbodè ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tó ń wọlé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló dá a padà. Èyí, àyè ti pọ̀ jù láàárín ìlà. Èyí, kò yé òun. Ìgbà kẹrin, ó kàn kọ ọ́ pé, "Kí nìyí?" Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní, "Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ yẹn!" Ìdáhùn Oníbodè kì í dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ rántí ìyẹn.

Kí wọ́n tó fi èyí tó kẹ́yìn ránṣẹ́, wọ́n gbé e lọ bá Màmá télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi sórí fóònù ẹ̀. Ohùn náà ní, "Àyà, mẹ́rìndínlógójì. Ìbàdí, méjìlélógójì. Èjìká, mẹ́tàdínlógún."

Màmá dáwọ́ dúró. Ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Obìnrin yìí na ọwọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó wá àlùmọ́gàjí ẹ̀ kàn, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ.

"Ta ló ṣe èyí? Ṣé ìwọ ni, ọmọ yìí?"

"Ọmọ yín ló ṣe é, Màmá," ni Òwú wí. "Èmi kàn ń bá a tẹ̀ ẹ́ ni."

Inú Màmá dùn sí i ju bí ẹnu lè sọ lọ. Bàbá tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà náà gbọ́. Ó wúkọ́, ó ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, mo rí bó o ṣe ń wò ó. Jẹ́ kó yege ná. Bó bá yege, mú àwọn èèyàn ẹ wá ká jọ sọ̀rọ̀. Bó bá já, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Ọmọ tó pa dà wálé pẹ̀lú ìtìjú ò tíì ṣeé fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́nà ilé, Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn lójú títì, kò wo ẹni tó ń wò. "Òwú mi," ló ń pè é. Inú Òwú kún bí odò. Ó dà bíi pé ayé ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ayọ̀ yẹn ló bà á jẹ́.

Nígbà tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó dé ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹnì kejì sí. Ó yẹ kó kọ orúkọ Abẹ́rẹ́ tí ilé ìwé mọ̀ àti ímeèlì tí ilé ìwé fún un. Àmọ́ ìfẹ́ ń gùn ún. Ó ronú pé kóun fi ṣeré fún un, kó ṣí i kó rí ìnagijẹ ẹ̀ ní gbangba ayé, kó rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé, "Pẹ̀lú Abẹ́rẹ́." Ó fi ímeèlì ara ẹ̀ dí àyè yẹn. Ó ní ṣebí Oníbodè á tún dá a padà, ọ̀sẹ̀ méjì wà níwájú, òun á tún un ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Oníbodè gbà á. Kò sọ ju "Ó dára" lọ. Ẹni tí kì í gbà, ọjọ́ yẹn ló gbà.

Abẹ́rẹ́ rí i, ó bo ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Wèrè ni ẹ́! O pè mí ní Abẹ́rẹ́ níwájú gbogbo ayé!" Ó fò mọ́ ọn. Àwọn méjèèjì ò ronú kan ẹ̀rọ tó ń ka orúkọ. Ohun tó bá sì ti wọ inú àkọsílẹ̀ yẹn, wọn kì í pa á rẹ́.

Máàkì jáde. Òwú, ọgọ́rin. Abẹ́rẹ́, òdo.

Ọmọbìnrin náà dúró síwájú pátákó, ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà orúkọ ẹ̀ bí afọ́jú. Kò sunkún. Ó lọ bá olùkọ́, ó ní, "Mà, èmi ni Abẹ́rẹ́." Olùkọ́ gbà á gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti ju ọwọ́ ẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí olórí ẹ̀ka jẹ́ alága ẹ̀.

Kí ìjókòó yẹn tó dé, olùkọ́ pe Òwú sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìwọ nìkan lẹ̀rí tó ní. Sọ bẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Màá jà fún ẹ̀yin méjèèjì. Àmọ́ mi ò ní tàn ẹ́. Alága ní ẹni méjì tó bá jọ lo kọ̀ǹpútà kan, òdo làwọn méjèèjì máa gbà, torí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni."

Òwú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló tọ́ ọ láti ìgbà táwọn òbí wọn ti kú, ó sì ti báwọn kan sọ ọ́ níbi iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé bó bá ṣe jáde ló máa wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n sọ?"

Obìnrin náà bọ́ bàtà iṣẹ́ ẹ̀, ó ń fọwọ́ pa àtẹ́lẹsẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ni mo fi dúró ní wọ́ọ̀dù kó o tó dé ibi tó o dé. Mi ò ní kó o purọ́. Ṣé ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, àmọ́—"

"Gbé àmọ́ yẹn sílẹ̀ fún mi. Èyí tí wọ́n bá bi ẹ́ ni kó o dáhùn. Ọmọbìnrin pọ̀, ìwọ̀nba làbúrò tí mo ní."

Òwú wọlé síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ jókòó lápá kejì tábìlì. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ẹ̀yin èèyàn! Ó ti rí Òwú tó wọlé, ìyẹn ti tó o.

"Ọ̀gbẹ́ni, ta ló tẹ iṣẹ́ yìí?" ni alága bi í.

"Èmi ni, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀, sà."

"Orí kọ̀ǹpútà ta ni?"

"Tèmi ni."

"Kí wá ni ọmọbìnrin yìí ṣe?"

Fáànù ń yí lókè, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́. Òwú rí òdo níwájú, ó rí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó rí ibi iṣẹ́ tí wọ́n ń retí ẹ̀.

"Ó... ó jókòó tì mí, sà."

Olùkọ́ obìnrin yára dá sí i. "Ìyẹn nìkan? Dáhùn dáadáa. Ìyẹn nìkan?"

Ó wolẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kò gbójú sókè mọ́. Ó kàn gbọ́ tí àga kan sún sẹ́yìn wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ilẹ̀kùn ṣí, tó sì pa dé.

Lọ́jọ́ kẹta, bàbá Abẹ́rẹ́ wá kó o. Òwú bá wọn lẹ́nu géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì. Bàbá ń di ẹrù sínú bùùtù, kò bú u, kò tiẹ̀ bi í léèrè nǹkan kan. Ó ní, "O ṣé o," bó ṣe máa sọ fún ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ó bọ́ sínú mọ́tò. Ì bá kúkú gbá a létí.

"Abẹ́rẹ́, jọ̀ọ́..."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo kàn wò ẹ́ pé o wà níbẹ̀ ni."

"Dárí jì mí."

Ọmọbìnrin náà rò ó díẹ̀, bí ẹni pé ó ń wá ibi tóun fi nǹkan sí. "O ò purọ́. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́. Mo sì jókòó tì ẹ́. Bó bá jẹ́ pé o purọ́ ni, màá bínú, inú mi á rọ̀ lọ́jọ́ kan. Èyí tó o sọ yìí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u? O ò fi ojú ìránṣọ sílẹ̀."

Ó wọlé sínú mọ́tò. Wọ́n lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, Òwú jáde ilé ìwé, ó ríṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ra bàtà tuntun, ó jó. Àmọ́ oúnjẹ ò dùn lẹ́nu Òwú mọ́. Bó bá jí láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ létí ni fáànù yẹn. Ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá sí Abẹ́rẹ́. Bí ẹni tó ń jù ú sínú kànga ni, kò tiẹ̀ gbọ́ kó balẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú ọmọbìnrin méjì wá kó wò wọ́n. Ó kí wọn, ó sìn wọ́n dé ọ̀nà, ó padà wálé.

"Ṣé bó o ṣe máa wà nìyí?" ni ẹ̀gbọ́n bi í.

"Bí mo ṣe wà nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi."

Obìnrin náà ò tún mú ẹnikẹ́ni wá. Ó ti ń yé òun náà.

Ọdún méjì kọjá. Obìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ relé ọkọ, ó ní òun fẹ́ kí àwọn iṣẹ́ òun àtijọ́ máa jẹ́ orúkọ òun tuntun.

"Kò lè ṣeé ṣe," ni Òwú wí. "Ohun tó ti wọ inú àkọsílẹ̀ kì í yí padà."

"Ta ló sọ fún ẹ? Àkọsílẹ̀ ò ní yí lóòótọ́, àmọ́ fáìlì kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. O kàn máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá tẹ́ ẹ rí lọ́hùn-ún yẹn, tàmẹ̀dù nìyí. Ẹni tó bá kà á, orúkọ gidi ló máa rí."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe é?"

"Kí wọ́n tó bí èmi àti ẹ."

Òwú dìde, ó lọ sílé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó fi eyín di apá aṣọ ẹ̀ mú kí wọ́n má bàa gbọ́ ohùn ẹ̀. Fáìlì kan. Ìlà kan. Kò béèrè. Ojú tì í láti kọ̀wé sí Oníbodè pé òun ṣèṣì, ó wá lọ sọ ọmọlọ́mọ nù.

Ọjọ́ yẹn ló kọ̀wé. Oníbodè fèsì pé, "Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Bó o bá ti béèrè nígbà yẹn, màá ti ṣe é lójú ẹsẹ̀, màá sì kọ̀wé sílé ìwé yín fúnra mi. Kí ló dé tó ò béèrè? Àmọ́ nísinsìnyí, ẹni tó lorúkọ ló gbọ́dọ̀ wá sọ pé òun fẹ́ ẹ. Jẹ́ kó kọ ọ́ síbí."

Òwú gba ìsinmi ọjọ́ kan, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá télọ̀. Ó ti ń gbọ́ ohùn náà láti ìta: "Àyà, ogójì. Ìbàdí, mẹ́rìnlélógójì." Màmá ń fi ìka wọn aṣọ, orí ẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fóònù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá."

Ìka náà dúró. "Ohùn yìí. Òwú ni."

"Èmi ni, Màmá."

"Jókòó. Àga wà lápá òsì ẹ."

Ó jókòó. Màmá ní kí fóònù náà dákẹ́.

"Wọ́n ní o sọ pé ó jókòó tì ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Orí àga yìí náà lo ti sọ fún mi pé ọmọ mi ló ṣe é. Èwo ni kí n gbà gbọ́?"

"Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ fún yín."

"Èmi afọ́jú lo sọ òótọ́ fún. O wá lọ sọ ìkejì níwájú àwọn tó ríran. Kí ló fa ìyẹn, ọmọ mi?"

Pípè tó pè é lọ́mọ yẹn ló pa á. Ó sunkún níbẹ̀. Màmá ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, kò sì lé e. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ọmọbìnrin mi lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Mi ò fẹ́ kó bá ẹ níbí. Láti ìgbà tó ti dé, kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Bí mo bá ti ní kí ohùn yìí kà, á dìde, á lọ dúró síta nínú oòrùn títí á fi parí. Èmi ni mò ń jẹun lórí iṣẹ́ tó ṣe. Òun ò lè gbọ́ ọ."

Òwú kọ ohun tí Abẹ́rẹ́ máa ṣe sórí ìwé, ó fi sábẹ́ téèpù. "Orúkọ ẹ̀ gangan ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀, Màmá. Mi ò ní kó gbà mí padà. Kó ṣáà jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ wà níbẹ̀."

"Màá fún un," ni Màmá wí. "Máa lọ kó tó dé."

Ọjọ́ kẹsàn-án, ìdáhùn jáde sí gbangba níbi tí Oníbodè ní kó wà. Abẹ́rẹ́ ti fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ má yí i padà. Abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Èmi kàn jókòó tì í ni."

Oníbodè kọ ọ́ sísàlẹ̀ ẹ̀ pé, "Ẹni tó lorúkọ ti sọ̀rọ̀." Ó ti ọ̀rọ̀ náà pa.

Òwú kà á títí ojú ẹ̀ fi ṣú. Ó wá di ojú pinpin bí ọmọbìnrin yẹn ṣe máa ń ṣe, ó ní kí ètò náà ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ yẹn sókè fóun. Ohùn náà ka orúkọ tiẹ̀. Ó sinmi díẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lú Abẹ́rẹ́."

Ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Ó la ojú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ nídìí tábìlì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ náà, ihò méjì ló ní. Kò sí báàgì kankan tó dí ìkejì.